Ibi Tí Mo Bí Mùṣíbáù Sí

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹ̀yin tí ilẹ̀ Bouaké gbà mọ́ra,

Kí Ọlọ́run Ọba fi Àlùjáńnà ṣe ilé yín. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ ìwé yìí, n kò bẹ akọ̀wé kankan. Ó di ọdún kejì báyìí tí mo ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà ní Nimbo, àdúgbò wa, lẹ́yìn ìrun Alásárì. Èmi ni mo dàgbà jù ní kíláàsì, èmi náà ni mo sì ń tètè nawọ́ jù bí tíṣà bá béèrè nǹkan. Yorùbá ni mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kọ. Faransé ń bọ̀ lẹ́yìn, bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà lókùn lọ sọ́jà. Bí ẹ bá rí i pé lẹ́tà mi wọ́, ẹ má ṣe sọ pé ogbó ni. Ẹ̀rù ló ń bà mí, Bàbá.

Mo ṣe nǹkan kan láàárọ̀ yìí tó kan ọ̀rọ̀ ẹnu yín. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́ fún yín.

Ẹ ò mọ Ràfíátù. Mùṣíbáù ọmọ mi ló bí i, lẹ́yìn ikú yín. Nígbà tí Mùṣíbáù náà wá bá yín lọ́hùn-ún, ọ̀dọ̀ mi ni ọmọ náà dàgbà sí. Mo fi èrè aṣọ rán an nílé ìwé títí àwọn ará ọjà fi ń bi mí bóyá mínísítà ni mo fẹ́ fi ṣe. Ó gbọ́ Faransé, ó gbọ́ Dioula, ó gbọ́ Baoulé, síbẹ̀ bó bá kí mi láàárọ̀, ó ń kúnlẹ̀. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló kọ́. Àwọn fọ́ọ̀mù tó máa ń wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí ènìyàn ń kọ orúkọ àti ọjọ́ orí rẹ̀ sí, òun ló mọ̀ ọ́n ṣe. Láàárín àwọn obìnrin kíláàsì wa ni mo ti ń yangàn jù. Mo ní kí ẹni tó bá ní ọmọ-ọmọ bíi tèmi tí kò yangàn dìde ká rí i.

Àmọ́ ọdún mẹ́ta rèé tó ti parí ẹ̀kọ́, kò ríṣẹ́. Ayé ti le. Àwọn tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ mi tẹ́lẹ̀ ń fọwọ́ pa á lára, wọ́n á ní ó dára, wọ́n á sì kọjá lọ. Bí ìyà ṣe ń jẹ àwọn ènìyàn ni wọ́n ń wá ẹni tí wọ́n máa sọ pé ó jẹ oúnjẹ àwọn. Ní ayé tiyín, bí wọ́n bá pè wá ní Anago, orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí, ẹ̀ ń dá wọn lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rín, wọ́n á sì jókòó ná ọjà. Nísinsìnyí, bí mo bá gbọ́ Anago lẹ́yìn mi, mo máa ń kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí mo lè gbà sá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló gba ìlú: ta ni onílé, ta ni àlejò? Lójú ọ̀nà Belleville, mo rí ṣọ́jà kan tó gbé ìwé ọkùnrin kan sókè sí oòrùn, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ẹyin bóyá ó ti bàjẹ́. Ọkùnrin náà dúró láìwọ bàtà, ẹnu rẹ̀ ń mì. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń so ìwé tèmi mọ́ inú ìró kí n tó jáde.

Ilé iṣẹ́ ńlá kan wá ń wá ẹnì kan tó mọ fọ́ọ̀mù ṣe. Ẹnì kan péré ni wọ́n fẹ́. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń tọrọ iṣẹ́ náà, òní ni yóò sì parí. Ràfí ní kí n tẹ̀lé òun lọ sí síbẹ́ẹ̀, ìyẹn ilé tí wọ́n ti ń sanwó lo íńtánẹ́ẹ̀tì, kí n lè máa ṣàdúrà sí i lẹ́yìn. Mo wọ léèsì mi aláwọ̀ ewé, mo wé gèlè tó le. Bí a ṣe wọlé ni Yàó, ọmọ Baoulé tó ni síbẹ́ẹ̀ náà, pariwo:

“Éè! Tántì Anago! Ṣé ọkọ lẹ wá fẹ́ nínú íńtánẹ́ẹ̀tì?”

Mo ní, “Bí baba rẹ bá ṣì ní eyín lẹ́nu, pè é wá.”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ìkẹyìn tí mo rín lónìí nìyẹn.

Ràfí jókòó, mo fa ìjókòó sún mọ́ ọn. Ohun kékeré kan wà lórí tábìlì tí wọ́n ń tì kiri, eku ni wọ́n ń pè é nítorí ìrù rẹ̀. Ó kọ orúkọ, ó kọ ọjọ́ ìbí. Wọ́n béèrè èdè tó gbọ́, àpótí kéékèèké onígun mẹ́rin ló wà níwájú wọn, ó sì fa àmì sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Inú mi dùn. Mo ní kó wá fi àmì méjì sí Yorùbá.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Màmá àgbà, bó bá jẹ́ onígun mẹ́rin, a lè fa àmì sí gbogbo rẹ̀. Àmọ́ ẹ wo àwọn róbótó ìsàlẹ̀ yìí. Ọ̀kan péré. Bí mo bá tẹ èkejì, ti àkọ́kọ́ á kú.”

“Kí ló dé tí kò fi lè jẹ́ méjì?”

“Bọ́tìnnì rédíò ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní ara rédíò àtijọ́ ni wọ́n ti kọ́ ọ.”

Ọkàn mi sáré lọ sọ́dọ̀ yín. Rédíò yín, Bàbá! Èyí tó wà lórí pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀bù yín ní Gonfreville, níbí ní Bouaké, tó ní bọ́tìnnì funfun márùn-ún bí eyín. Bí a bá tẹ ọ̀kan wọlé, èyí tó wà nínú tẹ́lẹ̀ á ta jáde. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí mo fi àtàǹpàkò mi méjèèjì tẹ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, tí méjèèjì há, tí rédíò wá ń hó ṣùùù, tí kò sọ èdè kankan? Mo rò pé ẹ máa nà mí. Ẹ mú ọwọ́ mi, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí àtàǹpàkò mi tó pọ́n. Lẹ́yìn náà ẹ kọ́ mi ní ọgbọ́n rẹ̀: ká rọra tẹ bọ́tìnnì mìíràn dé ìdajì, gbogbo wọn á ta jáde, ilé á sì dákẹ́. Rédíò náà wà lọ́wọ́ mi di òní. Kò sí bátìrì nínú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, mo ṣì ń nù ún ní gbogbo Jímọ̀.

Àwọn róbótó kan rọrùn. Ọkùnrin tàbí obìnrin. Ó ti lọ́kọ tàbí kò tíì lọ́kọ. Ìgbà tó yá la dé ibi tí wọ́n ti béèrè pé: Níbo ni wọ́n bí baba rẹ? Róbótó méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ní Côte d'Ivoire, ilẹ̀ tí a wà yìí. Èkejì ní Ilẹ̀ òkèèrè.

Ràfí tẹ Ilẹ̀ òkèèrè, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìbí Mùṣíbáù wí. Àfi bí ojú ìwé náà ṣe là, tí ìbéèrè mìíràn tú jáde lábẹ́ rẹ̀: nọ́mbà ìwé ìgbélùú baba rẹ, nọ́mbà ìwé ìgbélùú tìrẹ, ọdún tí o wọ orílẹ̀-èdè yìí. Ọdún wo ni Ràfí wọ̀lú, Bàbá? Nimbo níbí ni mo ti fi ẹ̀yìn gbé e jó. Ó yára tẹ Côte d'Ivoire. Gbogbo ìbéèrè yẹn pòórá, ó wá ku ìlà kan: mú ìwé ìbí baba rẹ wá. Ìwé yẹn náà tó wí pé Ògbómọ̀ṣọ́. Ó tún padà sí Ilẹ̀ òkèèrè. Ó tún kúrò níbẹ̀. Mo ń wo dúdú inú róbótó yẹn tó ń fò láti ibí dé ọ̀hún bí ẹyẹ tí kò rí ẹ̀ka bà lé.

“Pa méjèèjì rẹ́,” mo ní. “Jẹ́ kó ṣófo bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.”

“Kò ṣeé ṣe mọ́, Màmá àgbà. Bí wọ́n bá ti tẹ ọ̀kan, ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà ńbẹ̀.”

“Tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì.”

Ó wò mí. “Ìdajì báwo?”

Mo na àtàǹpàkò mi sí i. Ó fọwọ́ gbá tábìlì. “Ẹni tó ṣe fọ́ọ̀mù yìí ò mọṣẹ́ rárá. Èmi ì bá ti fi róbótó kẹta sí i, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá méjèèjì mu lè rí ibi tẹ̀.”

Yàó ti wá dúró lẹ́yìn wa. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ó mọṣẹ́, Ràfí. Wọ́n ní kí kẹta má sí ni.” Ó wá yíjú sí mi. “Tántì, kó sáà tẹ Côte d'Ivoire kó máa lọ. Ta ni yóò wò ó?”

Ọkùnrin kan tó jókòó sídìí ẹ̀rọ kejì yíjú. Ó wo gèlè mi, ó wo ojú Ràfí, ó sì yíjú padà sí ohun tó ń ṣe. Títí di ìsinsìnyí, mi ò mọ ẹni tí ọkùnrin yẹn í ṣe.

Ìgbà náà ni Ràfí fi ẹnu sún mọ́ etí mi. “Màmá àgbà, níbo gan-an ni wọ́n bí bàbá mi?”

Bàbá, kò sí ẹni tó bi mí léèrè rí. Ilé ìwé kò béèrè, ọjà kò béèrè, Mùṣíbáù fúnra rẹ̀ kò béèrè kó tó kú. Ìwé ìbí náà ń sùn nínú agolo wàrà tí ẹ fi í sí, nínú ọ̀rá, bí ẹ ṣe dì í. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Mi ò fẹ́ pè é ní irọ́. Kí ni kí n wá pè é?

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí. Èmi lẹ bí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀yìn ìyá mi ni mo wà tí ẹ fi kó wa wá síbí. Mùṣíbáù kọ́. Yàrá ẹ̀yìn ní Gonfreville ni mo bí i sí, fèrè ilé iṣẹ́ tó ń pe àwọn òṣìṣẹ́ òwúrọ̀ ń dún lọ́wọ́ bí orí rẹ̀ ṣe ń yọ. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n sin ibi rẹ̀ sí, lẹ́bàá igi máńgòrò. Lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ, ọkọ mi ti padà sójú ọ̀nà Korhogo tó ń kiri aṣọ, ẹ̀yin lẹ ní ẹ máa mú wa lọ kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀. Ẹ wọ agbádá funfun. Mo pọn ọmọ tẹ̀lé yín. Akọ̀wé béèrè níbo ni wọ́n bí i, ẹnì kan túmọ̀ rẹ̀ sí Dioula fún yín, ó sì yé yín yékéyéké, mo rí i lójú yín. Ẹ na ọrùn sókè. Ẹ ní, “Ògbómọ̀ṣọ́.”

Mo wò yín. Ẹ̀ ń wo iwájú.

Ẹ tẹ àtàǹpàkò, ẹ sì fi inú fìlà nu ìka yín bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Lójú ọ̀nà ilé, ẹ ní ọmọ tí wọ́n bá kọ ìlú àjèjì mọ́ orúkọ rẹ̀ kò ní mọ ọ̀nà ilé baba rẹ̀ bó bá dàgbà. Ẹ ní àjò kì í dùn kónílé má relé. Inú yín dùn lọ́jọ́ yẹn débi pé ẹ ra ọsàn fún mi, ẹ sì bó o fúnra yín. Mo jẹ ọsàn, mo dákẹ́. Ọmọ wo ni yóò já ọ̀rọ̀ mọ́ baba rẹ̀ lẹ́nu níwájú àjèjì? Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tọ́ wa. Àmọ́ ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kó bọ́. Èmi ni mo dúró, tí mo ń wò ó bó ṣe ń bọ́.

Ṣé ẹ mọ̀ nígbà yẹn pé ilé tí ẹ ń fi ọ̀nà rẹ̀ hàn án, kò ní fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ láéláé? Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀yin náà kò ní padà? Ẹ ní ká gbé yín relé bó bá dọjọ́ náà. Agbára wa kò ká a, Bàbá. Mi ò tíì tọrọ àforíjì yẹn lọ́wọ́ yín rí. Mo tọrọ rẹ̀ lónìí.

Mo sọ fún Ràfí pé Gonfreville ni. Mo sọ bó ṣe jẹ́, gbogbo rẹ̀, ní Yorùbá, ní ohùn kékeré. Kò bínú. Ìbá sàn kó bínú. Ó di eku yẹn mú.

“Èwo ni kí n tẹ̀, Màmá àgbà? Ẹ sọ fún mi. Èwo?”

Mo wo róbótó méjèèjì. Bó bá tẹ Ilẹ̀ òkèèrè, ó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé àlejò lòun, iṣẹ́ sì ti bọ́, nítorí kò ní ìwé ìgbélùú, kò sì lọ síbì kankan rí. Bó bá tẹ Côte d'Ivoire, òtítọ́ ni, àmọ́ ìwé yóò pè é ní onírọ́. Wọ́n lè ní ayédèrú ni. Wọ́n ń ti àwọn ènìyàn mọ́lé lórí ohun tó kéré sí èyí. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, Bàbá, mo sì ti ń tajà pẹ́ tó láti mọ bí ọjà tó kùtà ṣe ń rí.

Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi náà ti wà lọ́jà lẹ́ẹ̀kan, ọmọ tuntun wà lẹ́yìn mi, mo sì jẹ́ kí orí rẹ̀ wọ́.

Mo ní kí Ràfí dìde. Mo jókòó síbi tó ti dìde. Mo fi ọwọ́ mi lé eku náà, ó ń yọ̀ lọ́wọ́ mi bí ẹja, mo tì í títí ó fi dé ibi tí mo fẹ́. Mo tẹ Côte d'Ivoire. Mo wá ibi tí wọ́n ti ń fi ránṣẹ́, mo kà á lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, mo sì tẹ̀ ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó lè dá mi dúró. Kò dún. Ó kàn lọ. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyẹn, pé ohun tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ lè lọ láìdún.

Èsì kúkurú ló jáde: kí ó mú ìwé ìbí baba rẹ̀ wá ní Ọjọ́bọ̀. Òní ni Ọjọ́ Ajé. Ràfí ní bí a bá lọ sí kóòtù lọ́la, tí a ní kí wọ́n ṣàtúnṣe ìwé náà, tí wọ́n sì fún wa ní ìwé pélébé tó ní òǹtẹ̀ pé ẹjọ́ wa wà lọ́wọ́ wọn, ilé iṣẹ́ yẹn lè ní sùúrù. Ó ní ó lè ṣeé ṣe. Kò sọ pé ó dájú. Wọ́n á sì fẹ́ ẹlẹ́rìí. Obìnrin tó gbẹ̀bí mi ti kú. Ọkọ mi ti kú. Ẹ̀yin náà rèé. Èmi nìkan ló kù nínú gbogbo ẹni tó wà nílé lọ́jọ́ yẹn, èmi obìnrin Anago tí ìwé tirẹ̀ wí pé Ògbómọ̀ṣọ́, lóòótọ́ àti lódodo. Ṣé wọ́n máa gbà mí gbọ́? Bí wọ́n bá bi mí pé kí ló dé tí mo fi dákẹ́ láti ọjọ́ yìí wá ńkọ́? Bí wọ́n bá gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, tí wọ́n gbé e sókè sí oòrùn ńkọ́?

Ohun tó mú mi kọ ìwé yìí gan-an nìyí: mo ń bẹ̀rù yín ju bí mo ṣe ń bẹ̀rù wọn lọ. Láti kékeré mi, mi ò já yín ní koro rí. Lọ́la, màá dúró níwájú àjèjì, màá sì sọ pé ọ̀rọ̀ tí baba mi sọ kò rí bẹ́ẹ̀. Mi ò ní pè yín ní onírọ́. Mo ti kọ ohun tí mo máa sọ sílẹ̀ nínú ìwé kíláàsì mi, kí ahọ́n mi má bàa yí: baba mi ń ṣe ìtọ́ka ọ̀nà ilé fún ọmọ-ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mo mọ ibi tí mo bí i sí. Bí wọ́n bá gbé ìǹkì wá fún àtàǹpàkò mi, màá béèrè báírò. Màá kọ orúkọ mi. Màá kọ tiyín mọ́ ọn, nítorí kò sí ẹni tó kọ ọ́ fún yín rí kí ẹ fi ojú ara yín rí i.

Ṣé inú ń bí yín? Mo fetí sílẹ̀ nínú yàrá yìí láti ìgbà tí mo ti jókòó. Ràfí wà ní ìta, ó ń lọ aṣọ tó máa wọ̀ lọ́la. Kò kọrin. Ọmọ tó máa ń kọrin ni.

Kí n tó gbé báírò, mo lọ sídìí rédíò yín. Mo gbé àtàǹpàkò mi méjèèjì lé bọ́tìnnì àkọ́kọ́ àti ìkejì, mo tẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ṣì ń há, Bàbá. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń tú wọn, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Mi ò tú wọn. Mo fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Èmi ni, tìfẹ́tìfẹ́ àti tìbẹ̀rùbẹ̀rù,
ọmọ yín tí ẹ bí ní Ògbómọ̀ṣọ́,
ìyá Mùṣíbáù tí mo bí ní Gonfreville.